Olú hù lẹ́yìnkùlé lẹ́yìn òjò: èwo ló ṣeé jẹ, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Àdùkẹ́ Mọ́níyà (Sátidé, 7:40 àárọ̀)

Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ olú ni mo bá wá o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé wa tuntun ní Mọ́níyà, lápá ibi tí ilé ti ń tán tí oko bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gán kan wà lẹ́yìnkùlé, ó ga tó mi léjìká, igbó kékeré sì yí i ká. Iwájú ilé, koríko la gbìn síbẹ̀. Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́bọ̀, òmíràn tún tẹ̀ lé e lálẹ́ àná. Bí mo ṣe jáde láàárọ̀ yìí, olú ti yọ níbi méjèèjì. Ti ẹ̀bá ọ̀gán funfun, ó pọ́n rúsúrúsú díẹ̀ láàárín, orí rẹ̀ sì ṣe ṣónṣó. Ti orí koríko fẹ̀ tó àwo oúnjẹ, funfun báláú, àmọ́ ó ní èépá aláwọ̀ ilẹ̀ káàkiri orí.

Obìnrin tó ń gbé ilé kejì ní kí n kó méjèèjì sínú ẹ̀gúsí, pé olú ni olú ń jẹ́. Ọkọ mi, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ní kí n da gbogbo rẹ̀ nù. Ó tilẹ̀ ti ń wá ẹni tó máa bá wa wó ọ̀gán náà, ó ní ikán á jẹ òrùlé wa. Báwo lẹ ṣe ń dá èyí tó dáa mọ̀? Oṣù wo sì ni èwo ń jáde? Màmá mi àgbà máa ń wá olú nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn lọ rí.

Ìyá Ìkirè (Sátidé, 8:05 àárọ̀)

Àdùkẹ́ ọmọ mi, kú ilé tuntun, ilé á tura. Ti ẹ̀bá ọ̀gán yẹn jọ olú ọ̀gán, ṣùgbọ́n má fà á tu. Mú ọ̀bẹ tàbí àdá kékeré, kí o wa ilẹ̀ yí i ká jẹ́jẹ́. Olú ọ̀gán kì í jókòó sójú ilẹ̀ lásán. Igi ìdí rẹ̀ máa ń wọlẹ̀ lọ ni, á máa tín-ín-rín sí i bó ṣe ń lọ, títí dé ibi tí ikán kó oúnjẹ rẹ̀ sí. Mo ti rí èyí tó gùn tó apá àgbàlagbà. Ṣónṣó orí rẹ̀ yẹn le, òun ló fi ń lu ilẹ̀ jáde. Bó o bá wa á tí ìdí rẹ̀ parí lójú ilẹ̀, tó rí rogodo, tó tún wà nínú awọ bí ife, fi í sílẹ̀, kì í ṣe òun.

Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń wá a. Bí oòrùn bá ti ta sí i, á là tán, ìdin á sì wọ̀ ọ́. Èyí tí orí rẹ̀ kò tíì là ló dùn jù. Má kó o sínú ọ̀rá o, á làágùn, kó tó di ọ̀sán á ti rà. Agbọ̀n tàbí ewé ni kó o lò.

Ti orí koríko, èmi kì í jẹ olú tí mi ò mọ orísun rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ṣẹ́gun Sáńgo (Sátidé, 8:31 àárọ̀)

Ẹ má da ara yín láàmú jù, àǹtí Àdùkẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ni pé kí a bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà funfun. Bí àlùbọ́sà bá dúdú, májèlé ni. Ẹ tún lè wò ó bóyá ìgbín tàbí kòkòrò ti jẹ lára rẹ̀. Èyí tí ìgbín bá jẹ tí kò kú, ènìyàn náà lè jẹ ẹ́. Èyí tó ní àwọ̀ mèremère, pupa tàbí yẹ́lò, ni kí ẹ sá fún.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì (Sátidé, 9:12 àárọ̀)

Ṣẹ́gun àbúrò mi, má bínú sí mi, ṣùgbọ́n nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn kò sí èyí tí mo lè fi ọmọ mi dán wò. Májèlé inú olú kì í bá àlùbọ́sà jà, kì í sì í sọ ṣíbí fàdákà di dúdú bí àwọn míì ṣe ń sọ. Ìgbín ń jẹ olú tó lè pa odidi ìdílé, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan, torí ikùn ìgbín kì í ṣe ikùn ènìyàn. Ní ti àwọ̀, àwọn tó ń pa ènìyàn jù láyé, funfun ni wọ́n tàbí kí wọ́n ní àwọ̀ ewé tó ṣì. Kò sí mèremère kankan lára wọn. Sísè kò sì lè mú májèlé tó burú jù nínú wọn kúrò, ì báà hó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ti koríko iwájú ilé. Bí Àdùkẹ́ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ó jọ èyí tí wọ́n ń pè ní *Chlorophyllum molybdites*. Ó pọ̀ káàkiri ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú, orí pápá ilé ìwé àti koríko iwájú ilé ló fẹ́ràn. Bó bá wà ní kékeré, àwọn ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ rẹ̀ funfun, ibẹ̀ ló ti ń tan ènìyàn jẹ. Bó bá dàgbà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á dé. Ọ̀pọ̀ ló ń yè é, àmọ́ ọmọ kékeré lè gbẹ lára kí ẹ tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ọ̀nà tó dájú láti mọ̀ ọ́n nìyí. Gé igi rẹ̀ kúrò, kí o dojú orí rẹ̀ dé orí bébà. Kí ìdajì bébà náà funfun, kí ìdajì dúdú, kí àwọ̀ tó bá jáde lè hàn. Fi abọ́ bò ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ̀tù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á ti jábọ́ láti abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, kó o dà á nù. Ti olú ọ̀gán máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọ̀ ẹran ara.

Ohun mìíràn tún ni pé olú koríko yẹn ní òrùka lọ́rùn, tó ṣeé tì sókè tì sódò. Olú ọ̀gán kì í ní.

Àgbẹ̀ Ṣakí (Sátidé, 10:20 àárọ̀)

Tíṣà, ẹ ṣeun fún àlàyé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òrùka yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Olú ọ̀gán kan wà ní Òkè-Ògùn tó nípọn, òrùka ọrùn rẹ̀ tóbi, kì í sì í jábọ́. Ọ̀gán náà ló ti ń jáde, igi rẹ̀ náà ń wọlẹ̀ lọ jìnnà, bàbá wa sì ń jẹ ẹ́. Bí ẹnì kan bá torí òrùka da èyí nù, ó ti pàdánù ọbẹ̀. Bó bá sì torí pé kò sí òrùka jẹ òmíràn, ìyẹn ló léwu jù. Àwa kì í wo òrùka. Ibi tó ti hù la ń wò, lẹ́yìn náà ìdí rẹ̀.

Ní ti oṣù. Lápá ọ̀dọ̀ yín ní Ìbàdàn, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rin ilẹ̀ dáadáa, láàárín oṣù Kẹta sí Kẹrin, olú ọ̀gán ńlá á bẹ̀rẹ̀. Tiwa ní Ṣakí máa ń pẹ́ díẹ̀ torí òjò wa pẹ́, nígbà míì ó di oṣù Karùn-ún. Kì í ṣe òjò kan ṣoṣo ló ń mú un jáde. Òjò méjì tó tẹ̀ léra, kí ilẹ̀ gbóná díẹ̀ láàárín wọn, ìyẹn ló ń pè é síta. Ní oṣù Kẹfà sí Keje, olú ọ̀ràn á dé, àwọn kéékèèké tó ń hù yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, tí wọ́n bo ilẹ̀ bí ẹni da ìrẹsì nù. Ẹ má retí ọ̀gán níbi tó bá wà o, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló máa ń hù sí, torí irú ikán mìíràn ló ń bá gbé, tó ń kó èérún oúnjẹ rẹ̀ síta sójú ilẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, òjò á sinmi, olú náà á sinmi. Ní oṣù Kẹsàn-án títí wọ Kẹwàá, olú ọ̀gán á tún padà, ṣùgbọ́n kì í pọ̀ tó ti àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó wó ọ̀gán yẹn, ẹ ro ó dáadáa. Ọ̀gán tó mú olú jáde lọ́dún yìí á mú un jáde lọ́dún tó ń bọ̀, ní ibi kan náà, nígbà tí ikán bá ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà kì í tilẹ̀ sọ ibi ọ̀gán wọn fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ekimọgun (Sátidé, 11:47 àárọ̀)

Ìyá Ìkirè, ẹ kú ẹ̀kọ́ mà. Ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ ife ìdí olú yẹn. Ní Oǹdó lọ́dọ̀ wa, olú ọ̀pẹ wà, ife sì wà nídìí rẹ̀ gedegbe. Ibi tí wọ́n ti ń fún epo ló ń hù sí, lórí òkìtì ìhánrun ọ̀pẹ tí wọ́n dà jọ tó ti ń jẹrà, tàbí lára ìtì ọ̀pẹ tó ti wó tipẹ́. Kó tó là, inú awọ ló máa ń wà, ó rí roboto, aláwọ̀ eérú. Àkókò yẹn gan-an la ń kó o, torí tó bá ti là tán kò ní adùn mọ́. A máa ń là á sí méjì wò: orí rẹ̀ kékeré á ti hàn nínú awọ. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo olú oníife ló ń pa ènìyàn. Òkìtì ọ̀pẹ ni ẹ̀rí rẹ̀.

Láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá lẹ máa ń rí i, torí òkìtì yẹn gbóná nínú, kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró de òjò ńlá.

Ìyá Ìkirè (Sátidé, 12:15 ọ̀sán)

Ọmọ Ekimọgun, olú ọ̀pẹ kì í ṣe àjèjì sí mi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, tó ń wo ẹ̀bá ọ̀gán. Kí ó kọ́kọ́ mọ ẹyọ kan dájú ná.

Akin tó wà ní Leeds (Sátidé, 2:03 ọ̀sán)

Ẹ kú àsìkò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì o. Ẹ̀gbọ́n Ekimọgun, ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà fún ilé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá àwa tó wà lókè òkun sọ ọ́ dáadáa. Olú kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní death cap, *Amanita phalloides*. Bó bá wà ní kékeré, inú awọ funfun lòun náà máa ń wà, ó rí roboto, ẹni tó bá ti jẹ olú ọ̀pẹ dàgbà á rò pé òun ti rí ti ilé. Bó bá dàgbà, àwọ̀ ewé tó ṣì á wà lórí rẹ̀, òrùka lọ́rùn, ife funfun nídìí. Ìdí igi oak ló fẹ́ràn jù, láti oṣù Kẹjọ sí Kọkànlá. Òun ló ń pa ènìyàn jù nínú gbogbo olú ayé.

Àwọn ará Éṣíà tó ń jẹ irú olú ọ̀pẹ yìí gan-an nílé ti kó sí páńpẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Australia. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ènìyàn 14 ni wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn ní àríwá California nítorí death cap, mẹ́ta nínú wọn ni wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún. Ẹ̀tù abẹ́ olú tí Tíṣà sọ ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: ti olú ọ̀pẹ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ti death cap funfun. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣì wà nínú awọ kò tíì ní ẹ̀tù tó máa jábọ́. Bí kò bá ti sí ọ̀pẹ níbi tí mo wà, mi ò mú olú oníife. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo igbó ni wọ́n ti gbà kí ènìyàn kó olú níbí. Ní Epping Forest lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, òfin kò fàyè gbà á rárá, wọ́n sì ti gbé ènìyàn lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì B. (Sátidé, 4:26 ìrọ̀lẹ́)

Mo ń ka gbogbo èyí níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ wa.

Bí ẹnì kan bá jẹ olú tí ara rẹ̀ yí padà, ẹ má fún un ní epo pupa mu. Mo mọ̀ pé gbogbo ilé ló ń ṣe é. Epo pupa kì í pa májèlé olú. Ẹni tó ń bì, epo yẹn lè gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ìṣòro á wá di méjì. Ẹ má fún un ní mílíìkì tàbí àgbo. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ìyẹn ORS, ni kí ó máa mu díẹ̀díẹ̀ bí ó bá lè gbé e mì, kí ẹ sì máa gbé e bọ̀.

Ẹ mú èyí tó kù nínú olú náà dání, tútù àti sísè. Kí ẹ wé tútù sínú bébà, ẹ má fi sínú ọ̀rá. Ó máa ń sú wa bí wọ́n bá dé tí wọ́n ní àwọn ti da gbogbo rẹ̀ sí ààtàn. Ẹni tó bá ń jẹ olú ìgbẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìgbésí ayé rẹ̀, kó jẹ díẹ̀, kó má fún àwọn ọmọ, kó sì fi ẹyọ kan tí kò sè pamọ́ sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì.

Aago ló ń sọ bó ṣe burú tó. Èyí tó bá ń yọ ènìyàn lẹ́nu láàárín wákàtí méjì, ó ń dẹ́rù bani, àmọ́ ó sábà máa ń lọ. Èyí tó pẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí èébì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dọ̀ lẹ fi ń ṣeré. Ẹni náà lè rí bí ẹni tí ara rẹ̀ ti yá lọ́jọ́ kejì, á ní kí ẹ jẹ́ kí òun lọ sílé. Ẹ má gbà fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú máa ń pọ́n wẹ́ẹ́.

Ṣẹ́gun Sáńgo (Sátidé, 4:50 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀rù ti bà mí báyìí o. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì.

Àdùkẹ́ Mọ́níyà (Sọ́ńdè, 1:18 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ìyá Ìkirè, ẹ kú iṣẹ́ mà.

Mo gé igi ti orí koríko lánàá, mo dojú rẹ̀ dé orí bébà, mo fi abọ́ bò ó. Láàárọ̀ yìí tí mo ṣí i, ìlà tín-ín-tín-ín ló ti yà láti àárín bébà lọ sí etí rẹ̀. Lórí ìdajì tó funfun, àwọ̀ ewé ni, ó fi díẹ̀ dà bí eérú. Ọkọ mi náà rí i. A ti ṣa gbogbo èyí tó wà lórí koríko dànù kí àwọn ọmọ tó jí.

Ti ẹ̀bá ọ̀gán, mo wa ilẹ̀ bí ẹ ṣe sọ. Igi rẹ̀ nípọn lókè, ó ń tín-ín-rín, ó sì ń dúdú bó ṣe ń wọlẹ̀. Kò sí ife kankan nídìí. Ó já mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó dé òpin rẹ̀, ni mo bá tẹ̀ lé ihò náà lọ. Mo bá yàrá kékeré kan nísàlẹ̀, ohun kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ eérú, ó rọ̀, ikán funfun kéékèèké ń sá kiri lára rẹ̀. Mo da erùpẹ̀ bò ó padà. Ẹ̀tù ti èyí pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lórí bébà. Fọ́tò gbogbo rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yìí.

Obìnrin ilé kejì ṣì ń bínú o. Ó ní òun ti jẹ ti orí koríko yẹn láìmọye ìgbà, kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ọkọ mi ti gbà kí a se ti ọ̀gán, ṣùgbọ́n kò tíì gbà lórí ọ̀gán fúnra rẹ̀. Ṣé kò ṣeé kó olú yìí lọ gbìn síbòmíràn kí a wó ọ̀gán?

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì (Sọ́ńdè, 2:02 ọ̀sán)

Fọ́tò yín dára. Olú ọ̀gán ni, *Termitomyces* lorúkọ ìdílé wọn. Ní ti aládùúgbò yín, ó ṣeé ṣe kó máa sọ òótọ́. Ikùn àwọn kan máa ń gba ti koríko yẹn, ti àwọn mìíràn kì í gbà á, kò sì sí ẹni tó lè mọ ti ọmọ rẹ̀ ṣáájú.

Gbígbìn kò ṣeé ṣe. Ikán ló ń dá oko yẹn. Wọ́n ń jẹ igi gbígbẹ àti ewé, wọ́n á yàgbẹ́ rẹ̀ jọ di ohun tó ní ihò tí ẹ rí yẹn, olú á hù nínú rẹ̀, ikán á tún jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó rí i gbìn fún títà láìsí ikán. Àwọn tó ń gbin olú nílé wa, olú mìíràn ni wọ́n ń gbìn, èyí tó ń hù lórí lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n sè tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Ìyẹn náà dùn, àmọ́ ẹ má fi wé ti ọ̀gán. Nínú ìdílé ọ̀gán yìí náà ni olú tó tóbi jù tí a lè jẹ láyé wà. *Termitomyces titanicus*, orí rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà kan. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà lára ibi tó ti ń hù.

Bíríkìlà Ọjọ́ọ̀ (Sọ́ńdè, 3:35 ọ̀sán)

Ẹ má bínú, èmi gbè sẹ́yìn ọkọ yín. Mo ti tú òrùlé tí ikán jẹ tí pákó rẹ̀ ṣófo pátápátá. Ikán ọ̀gán máa ń rìn jìnnà lábẹ́ ilẹ̀. Bí ó bá sún mọ́ ilé, kí ẹ gbẹ́ ẹ, kí ẹ yọ ìyá wọn tó ń yé ẹyin, kí ẹ da oògùn sí i. Bí ẹ kò bá yọ ìyá wọn, bí ẹ bá wó o lónìí, wọ́n á tún un kọ́.

Àgbẹ̀ Ṣakí (Sọ́ńdè, 5:10 ìrọ̀lẹ́)

Bíríkìlà, òótọ́ lo sọ nípa ìyá wọn, ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè bó ṣe jìnnà sí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò sí àríyànjiyàn. Èyí tó wà ní òpin ilẹ̀, ẹ fi oògùn ikán kun pákó òrùlé, ẹ má to igi ìdáná ti ògiri, kí ẹ sì máa wo ìpìlẹ̀ ilé. Ojú ọ̀nà tí ikán fi amọ̀ ṣe sára ògiri, ẹ máa gé e kúrò. Bí ẹ bá ti da oògùn sínú ọ̀gán, ẹ má jẹ olú kankan láti ẹ̀bá ibẹ̀ mọ́, ì báà tilẹ̀ tún yọ. Bákan náà ni oko tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn koríko sí, àti ẹ̀bá ààtàn, àti ibi tí mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì nù. Olú máa ń fa ohun burúkú inú ilẹ̀ mọ́ra.

Àdùkẹ́ Mọ́níyà (Sọ́ńdè, 5:44 ìrọ̀lẹ́)

Ó jìnnà díẹ̀ sí ilé, ó sún mọ́ ọgbà ẹ̀yìn. Màá fi èyí han ọkọ mi. A ti se é: irú, ata, epo, ẹ̀fọ́ ṣọkọ. Mo fọwọ́ ya á bí ẹran, mi ò fi ọ̀bẹ gé e. Mo fi ẹyọ méjì sínú fìríìjì bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Èmi àti ọkọ mi nìkan la jẹ ẹ́. Ó kù díẹ̀ tí mi ò tíì sè, báwo ni mo ṣe lè tọ́jú rẹ̀?

Ìyá Ìkirè (Sọ́ńdè, 6:20 ìrọ̀lẹ́)

O ṣe dáadáa. Má fọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, aṣọ tútù ni kó o fi nu yanrìn kúrò, kí o fi ọ̀bẹ ha ìdí rẹ̀. Èyí tó bá kù, orí àjà, lókè iná ìdáná, ni kó o sá a sí. Èéfín á mú un, ìdin kò ní lè wọ̀ ọ́. Bó bá gbẹ tó ń dún kàrà, kó o tọ́jú rẹ̀ sínú ìkòkò. Bó o bá fẹ́ sè é, rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná.

Ọmọ Ekimọgun (Sọ́ńdè, 7:02 alẹ́)

Mà, gáàsì ni wọ́n ń lò ní Mọ́níyà, àjà dà? Oòrùn náà ń ṣe é. Ẹ ya á wẹ́wẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí asẹ́, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eṣinṣin, kí ẹ sì máa kó o wọlé lálẹ́. Èéfín máa ń bo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìyá Ìkirè (Sọ́ńdè, 7:09 alẹ́)

Èéfín gan-an ni adùn rẹ̀. Nínú oṣù Kẹrin tí òjò ń rọ̀, oòrùn wo lo fẹ́ sá a sí? Á kọ́kọ́ bu kó tó gbẹ.

Àgbẹ̀ Ṣakí (Sọ́ńdè, 8:15 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti èyí tó ń wà nígbà tí ti ọ̀gán bá tán. Olú tí a ń pè ní ẹsẹ̀ adìyẹ wà lára igi gbígbẹ tó wó, kékeré, funfun bí eérú, irun wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó le lẹ́nu, ó fẹ́ kí a sè é pẹ́, ṣùgbọ́n bó bá gbẹ tí òjò tún rọ̀, á tún sọjí, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí i títí òjò fi ń tán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kókó ńlá kan máa ń wà nínú ìtì igi tó jẹrà tàbí lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí igi ti wó, dúdú lóde, funfun nínú. Àwọn Ìgbò tó ń ta ẹ̀gúsí ní Bódìjà mọ̀ ọ́n dáadáa, usu ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀gúsí. Bí ẹ bá ri ẹyọ kan mọ́lẹ̀ tí ẹ ń bomi rin ín, olú á hù láti ara rẹ̀. Ìyẹn lẹ lè gbìn sẹ́yìnkùlé, Àdùkẹ́, kò fẹ́ ikán.

Lọ́dọ̀ wa níbí, òjò kan ṣoṣo ló ṣì rọ̀. Bí ti wa bá yọ, màá fi fọ́tò olóòrùka yẹn síbí kí Tíṣà lè wò ó.